Bí Páìpù Bá Bẹ́ Lóru

Ní ayé àtijọ́, omi inú ilé kì í ju èyí tí obìnrin àti ọmọdé bá fi orí rù wá láti odò lọ. Inú àmù ni a ń dà á sí, a ó sì fi ọmọrí dé e. Bí àmù bá sán, ìwọ̀n omi tí ó wà nínú rẹ̀ nìkan ni yóò dànù. Bí ó bá fọ́ pátápátá, ilẹ̀ yàrá yóò tutù, ìyá àgbà yóò bínú, àwọn ọmọ yóò sì tún padà sí odò. Kò sí ẹni tí ń pariwo lóru nítorí àmù. Omi tí ń gba inú páìpù wá kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ omi kékeré tí ó wà nínú ilé ìdáná ni gbogbo omi inú táǹkì dúró sí, tí ó ń ti ẹnu ọ̀nà náà tọ̀sán-tòru. Ọjọ́ tí ó bá rí àyè, kì í ṣe ìwọ̀n igbá kan tàbí méjì ni yóò jáde.

Omi ẹ̀rọ kì í ṣe ohun àná ní ilẹ̀ Yorùbá. Kí ọdún 1920 tó pé ni ó ti ń ṣàn ní Èkó láti Ìjú, ó sì ti ń ṣàn ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú. Ní Ìbàdàn, ọdún 1942 ni a sé odò ní Ẹlẹ́yẹlé kí ará ìlú lè rí omi mu. Ní ìgbà náà, ìjọba ni ó ni omi, ìjọba ni ó ni páìpù, òun náà ni ó sì ni òṣìṣẹ́ tí ń tún un ṣe. Ẹ̀rọ ẹ̀bá ọ̀nà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò. Bí ó bá bàjẹ́, ìyọnu gbogbo àdúgbò ni, kì í ṣe ti baálé ilé kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ìlú ti gbòòrò kọjá ibi tí páìpù ìjọba dé. Lónìí, ẹni tí ó bá kọ́ ilé sí ẹ̀yìn ìlú yóò gbẹ́ kàǹga tàbí bóòhóòlù, yóò ra pọ́ǹpù tí yóò máa fa omi, yóò gbé táǹkì oníke dúdú lé orí òpó, yóò sì tẹ́ páìpù wọ inú ilé. Láìmọ̀, ó ti di ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ omi. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sì bèèrè.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti jókòó ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì yóò rántí agolo tí a dá ihò mẹ́ta sí lára, ọ̀kan lókè, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan nísàlẹ̀. Bí a bá rọ omi kún un, omi ihò ìsàlẹ̀ ni ó máa ń jáde pẹ̀lú agbára jù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ilé. Gíga tí táǹkì ga ni ó ń fún omi ní agbára, kì í ṣe bí ó ti tóbi tó. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fi máa ń tú yàà, tí ti òkè sì máa ń ṣe jẹ́jẹ́. Lítà omi kan wúwo tó kílò kan. Nítorí náà, táǹkì onílítà 1,000 tí ó kún dẹ́múdẹ́mú jẹ́ ẹrù kílò 1,000 lórí òpó rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé orí igi tí ikán ti ń jẹ kò tíì nílò púlọ́ńbà. Káfíńtà ni kí ó kọ́kọ́ pè.

Opó kan wà ní Ìbàdàn tí ó ń ta aṣọ. Ní ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀ ni yàrá ìkẹ́rùsí wà, níbi tí ó kó àǹkárá àti léèsì tí ó fẹ́ fi pa ọjà ọdún Iléyá sí. Owó àjọ ni ó fi ra ìdajì wọn, ó sì gba ìdajì yòókù ní àwìn. Láti ara èrè rẹ̀ ni yóò ti san owó ìdánwò àṣekágbá ọmọkùnrin rẹ̀ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ó ti tó oṣù méjì tí oríkèé páìpù kan lẹ́yìn ògiri yàrá náà ti ń jò díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ojú rí kò ju àmì rírin kan tí ó tó àtẹ́lẹwọ́ lọ, ọ̀dà ara ògiri sì ń wú níbẹ̀ bí ẹni pé iná jó o. Ní ojoojúmọ́ ni ìyá náà ń wí pé bí òun bá ti ọjà dé, òun yóò pe ènìyàn wá wò ó. Ní ojoojúmọ́ ni ó sì ń ti ọjà dé pẹ̀lú àárẹ̀.

Ní òru ọjọ́ kan, ní nǹkan bí agogo kan, oríkèé náà já. Ariwo rẹ̀ dà bí ìgbà tí òjò ńlá bá bọ́ sórí páànù. Kí wọ́n tó tan iná, omi ti kan ọrùn ẹsẹ̀. Ọmọ náà fi aṣọ ìnura dí ẹnu páìpù, omi ta aṣọ náà nù. Ó wé ọ̀rá mọ́ ọn, ó fi okùn dì í, omi gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Àwọn ayálégbé jí, olúkúlùkù sì gbé ìmọ̀ràn tirẹ̀ wá. Ọ̀kan ní kí a pa pọ́ǹpù. Wọ́n pa á, ṣùgbọ́n táǹkì ti kún láti ìrọ̀lẹ́, omi tí ó sì ti wà lókè kò nílò pọ́ǹpù kankan kí ó tó sọ̀ kalẹ̀. Òmíràn ní kí a ṣí gbogbo ẹ̀rọ inú ilé kí agbára omi lè pín. Ìyẹn kò burú, ṣùgbọ́n ibi tí ó já ni ó fẹ̀ jù, ibẹ̀ náà ni omi sì ń bá a lọ láti gbà. Nígbẹ̀yìn, ẹnì kan rántí nọ́ńbà púlọ́ńbà kan tí a kọ sára ògiri ní ìkóríta.

“Púlọ́ńbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá, omi ti fẹ́ gbé ilé lọ,” ni ìyá náà wí lórí fóònù.

“Màmá, òru ti jìn o. Bí mo bá máa jáde nísìnyí, kì í ṣe owó ọ̀sán ni ẹ ó san,” ni ọkùnrin náà dáhùn. Ó sì dá iye kan tí ó tó owó oúnjẹ ilé náà fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìyá náà, tí ó máa ń ná ọjà títí ẹnu ọlọ́jà yóò fi gbẹ, gbà láìjiyàn. Ta ni yóò ráyè nájà nígbà tí omi ń gun orí àpótí aṣọ? Lẹ́yìn wákàtí kan, púlọ́ńbà náà gun ọ̀kadà dé. Kò tilẹ̀ wọ inú yàrá. Ẹ̀yìn ilé ni ó gbà lọ sí ìdí òpó táǹkì, ó fi iná fóònù rẹ̀ tan ibẹ̀, ó nawọ́ sí ohun róbótó kan tí ó wà lára páìpù, ó yí i títí kò fi yí mọ́. Láìpẹ́, omi dá. Ẹni tí ó bá ń ka ení, èjì, kì bá tíì dé ogójì nígbà tí ó fi parí.

“Màmá, ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ di àárọ̀,” ni ó wí. “Páìpù tí ó tutù kò ní gba gọ́ọ̀mù.” Ó gba owó rẹ̀, ó sì lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá náà ka aṣọ tí ó bàjẹ́. Ìgàn àǹkárá mẹ́rìndínlógún ni omi ẹlẹ́rẹ̀ ti pọ́n, léèsì sì wà lára èyí tí kò ṣeé gbé dé ọjà mọ́.

Àwọn ayálégbé bú púlọ́ńbà náà ní olè. Bóyá owó náà pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi oorun rẹ̀ sílẹ̀, tí ó la òkùnkùn kọjá lọ sí ilé tí kò mọ̀ rí, kò jẹ̀bi bí ó bá bèèrè ju owó ọ̀sán lọ. Ohun tí ó dunni ni pé iṣẹ́ tí a san owó náà fún kò ju èyí tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ṣe lọ. Kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kan páìpù tí ó já. Fáàfù kan ṣoṣo ni a yí. Bí ọmọkùnrin náà bá ti mọ ibi tí fáàfù wà ni, ìṣẹ́jú mélòó kan ni omi ì bá fi ya, púlọ́ńbà ì bá sì wá ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ní owó ọ̀sán. Ní òru, àsìkò ni ó wọ́n ju gbogbo nǹkan lọ, ẹni tí ó bá sì ti lè dá omi dúró ti ní àsìkò lọ́wọ́. Ó lè sùn, ó lè bèèrè lọ́wọ́ aládùúgbò, ó lè nájà.

Oríṣi fáàfù méjì ni ó wọ́pọ̀ nínú ilé. Èkínní ní orí róbótó bí ọmọrí ìkòkò kékeré. Ìhà ọ̀tún ni a ń yí i sí, lẹ́ẹ̀mélòó kan, kí ó tó tì. Èkejì ní apá gígùn kan. Bí apá náà bá na bí páìpù ti na, omi ń kọjá; bí ó bá dábùú páìpù, omi ti dá. Ìdí táǹkì ni ti gbogbo ilé sábà máa ń wà, ní ojú páìpù tí ó ń sọ̀ kalẹ̀. Nínú ilé tí omi ìjọba bá wọ̀, ọ̀kan tún wà níbi tí páìpù ìjọba ti kan ọgbà. Àwọn kéékèèké mìíràn a máa wà lábẹ́ síǹkì àti lẹ́yìn àga ìyàgbẹ́, kí a lè ti ti ibì kan láìfi omi du gbogbo ilé. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń gbé inú ilé, àti ọmọdé àti ọmọ ọ̀dọ̀, mọ èyí tí ó jẹ́ àgbà nínú wọn, kí a sì fi ọ̀dà pupa kùn ún. Àwọn bíríkìlà kan wà tí wọ́n ń fi síméǹtì bò ó mọ́lẹ̀ nítorí kí ẹ̀yìn ilé lè dán. Irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ tí a fi ń fi dígà hú u.

Fáàfù tí a kò yí fún ọdún mẹ́ta lè gan pa. Ó dára kí a máa tì í kí a sì máa ṣí i lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí ìpẹtà má baà rí i mú. Bí ó bá kọ̀ tí kò yí, kí a má ṣe fi sípánà fi agbára mú un, nítorí ọrùn rẹ̀ lè kán, a ó sì ti fi ọwọ́ ara wa sọ wàhálà kan di méjì. Lẹ́yìn tí a bá ti ti fáàfù, kí a ṣí ẹ̀rọ tí ó wà nísàlẹ̀ jù nínú ilé, kí omi tí ó kù nínú páìpù lè gba ibẹ̀ jáde. Ohun kan sì wà tí ó gbọ́dọ̀ ṣáájú gbogbo èyí: bí omi bá ti ń sún mọ́ ibi tí a ń ti iná mànàmáná bọ ara ògiri, ibi tí a ti ń pa iná gbogbo ilé ni kí a kọ́kọ́ lọ, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe ti ẹsẹ̀ bọ omi náà kí a tó pa á. Aṣọ ṣeé rà. Ọmọ kò ṣeé rà.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, páìpù kì í ṣàdédé bẹ́. Ó ti máa ń sọ̀rọ̀ kí ó tó pariwo. Páìpù irin tí a rì sínú síǹkì láti dá ìpẹtà dúró, tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, a máa pẹtà láti inú wá. Nígbà tí omi àárọ̀ bá ń pọ́n bí omi osùn, inú rẹ̀ ti ń jẹrà nìyẹn. Páìpù oníke kì í pẹtà, ṣùgbọ́n oòrùn kì í jẹ́ kí ó gbó dáadáa. Èyí tí a tẹ́ sí gbangba láìfi nǹkan bò ó yóò le, yóò sì máa ya bí ọ̀pá gbígbẹ. Èyí tí a kò bá rí lójú, bí irú ti opó náà tí ó wà lẹ́yìn ògiri, a lè fi ọgbọ́n wá a. Kí a fi omi kún táǹkì ní alẹ́, kí a pa pọ́ǹpù, kí a ti gbogbo ẹ̀rọ inú ilé, kí a sì fi ẹfun fa ìlà sí ibi tí omi dé. Bí omi bá ti rẹlẹ̀ sí ìlà náà ní àárọ̀, tí kò sì sí ẹni tí ó lò ó, ó ń gba ibì kan lọ.

Ẹ̀rọ tí ń kán tó, tó, tó ni àwọn ènìyàn máa ń kà sí nǹkan yẹpẹrẹ. Bí ẹ̀kán kan bá ń bọ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kán 86,400 ni yóò bọ́ láti àárọ̀ ọjọ́ kan sí àárọ̀ ọjọ́ kejì. Nǹkan bí ẹ̀kán 4,000 ni ó ń di lítà kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá pín in yóò rí i pé ó ju lítà 20 lọ, èyí tí í ṣe garawa kan àti díẹ̀ lé e. Ẹni tí ń fi owó epo fa omi, tí ó sì jẹ́ kí garawa kan ṣòfò lójoojúmọ́, kò yẹ kí ó máa bá ọmọ jà pé ó fi omi púpọ̀ wẹ̀. Wọ́ṣà, rọ́bà pẹlẹbẹ kékeré tí ó wà nínú ẹ̀rọ náà, ni ó sábà máa ń jẹ́ pé ó ti gbó. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. A ó ti omi, a ó tú orí ẹ̀rọ, a ó yọ ti àtijọ́ mú lọ sí ìsọ̀ kí a lè ra èyí tí ó bá a dọ́gba, a ó sì tò ó padà bí a ti tú u.

Àga ìyàgbẹ́ alómi a máa jalè ju ẹ̀rọ tí ń kán lọ, nítorí pé òun kò ní ariwo. Omi àpótí ẹ̀yìn rẹ̀ a máa yọ́ gba abẹ́ rọ́bà tí ó dí ihò rẹ̀ bọ́ sínú àga, ojú kò sì ní rí i. Kí a bu aró, tàbí búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun, díẹ̀ sínú àpótí náà, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe lò ó fún ìdajì wákàtí. Bí àwọ̀ búlúù bá yọ nínú àga, a ti mú olè náà.

Ní ti síǹkì tí kò fẹ́ gba omi mọ́, ilé ìdáná ni ó ń dá a lẹ́bi. Epo gbígbóná tí a dà sí i yóò tutù nínú páìpù, yóò dì, yóò sì máa gba ẹ̀bà àti ìrẹsì mọ́ra. Lábẹ́ síǹkì, páìpù kan wà tí ó tẹ̀ bí ìkọ́. Omi díẹ̀ a máa dúró nínú rẹ̀ kí òórùn ibi ìdọ̀tí má baà gòkè wá. Ibẹ̀ ni ìdọ̀tí sábà máa ń há sí. Bí a bá gbé korobá sábẹ́ rẹ̀, tí a tú u, tí a sì fọ̀ ọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọ̀rọ̀ parí. Ohun tí ó léwu ni oògùn tí àwọn ènìyàn ń dà sí i. Àwọn kan ń da ásíìdì lé orí omi tí a fi ń mú aṣọ funfun kí ìdọ̀tí lè tètè yọ́. Afẹ́fẹ́ tí ó ń jáde nígbà tí àwọn méjèèjì bá pàdé ni a ń pè ní klórínì. Òun ni a fi pa ọmọ ogun ní ojú ogun àgbáyé kìíní ní ọdún 1915. Ilé ìdáná kékeré tí kò ní fèrèsé kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí a ti dán an wò.

Sókáwéè, ihò ńlá tí ìdọ̀tí ilé ń lọ, kò kan ọwọ́ baálé ilé rárá. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ a máa pa ènìyàn kíákíá, ẹni tí ó bá sì fò wọ inú rẹ̀ láti gba ẹni àkọ́kọ́ là sábà máa ń bá a kú. Àwọn tí ó ní ọkọ̀ tí ń fà á ni kí a pè. Bákan náà ni kò yẹ kí kàǹga wà nítòsí rẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 100, tí í ṣe nǹkan bí mítà 30, ni a sábà ń dámọ̀ràn pé kí ó wà láàárín wọn. Lórí ilẹ̀ kékeré tí a ń tà ní ìlú ńlá, ó ṣòro láti rí àyè tó bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni onígbáméjì àti ibà táífọ́ọ̀dù ti ń rí ọ̀nà wọ inú ife omi. Ẹni tí kò bá rí àyè náà gbọ́dọ̀ máa se omi rẹ̀ kí ó tó mu ún.

Láti inú èdè Látìn ni a ti rí orúkọ púlọ́ńbà. Plumbum ni wọ́n ń pe òjé, òjé ni àwọn ará Róòmù sì fi ń ṣe páìpù wọn, láìka májèlé inú rẹ̀ sí. Lónìí, òjé ti kúrò nínú iṣẹ́ náà, orúkọ ni ó kù. Iṣẹ́ tí ó gba ìmọ̀ ni. Púlọ́ńbà rere gbọ́dọ̀ mọ bí páìpù yóò ti dagun, bí afẹ́fẹ́ ti ń há sínú omi, irú gọ́ọ̀mù tí ó bá páìpù mu àti ìwọ̀n àsìkò tí yóò fi gbẹ. Àwọn kan kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó gba òmìnira. Àwọn mìíràn kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n sì ní ìwé ẹ̀rí Trade Test tàbí ti NABTEB, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1992 fún irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Ìwé ẹ̀rí dára, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn tí ó ti ṣiṣẹ́ fún dára jù ú lọ.

Ọ̀sán ni a ń wá púlọ́ńbà òru. Kí a bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti gba òjò ọdún kan kọjá tí kò sì jò. Kí a kọ́kọ́ fún un ní iṣẹ́ kékeré, bí i wọ́ṣà ẹ̀rọ kan, kí a sì wo ọwọ́ rẹ̀. Ǹjẹ́ ó ti omi kí ó tó tú nǹkan? Ǹjẹ́ ó mú irinṣẹ́ tirẹ̀ wá, tàbí ọ̀bẹ ilé ìdáná ni ó ń yá? Ǹjẹ́ ó nu ilẹ̀ nígbà tí ó parí? Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, níbi tí ojú gbogbo ènìyàn yóò ti rí i.

Nígbà tí iṣẹ́ ńlá bá dé, kí a ya owó ohun èlò sọ́tọ̀ kúrò lára owó iṣẹ́ ọwọ́. Kí ó kọ ohun tí ó nílò sílẹ̀, iye rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀, nítorí páìpù ìdajì íǹṣì kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì, bẹ́ẹ̀ ni páìpù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ṣe fún omi ìdọ̀tí kò lè gba agbára omi táǹkì. Ẹnì kan láti inú ilé ni kí ó bá a lọ sí ìsọ̀. Kí a má san gbogbo owó iṣẹ́ ṣáájú. Kí a jẹ́ kí omi gba inú páìpù náà sùn di ọjọ́ kejì kí a tó san èyí tí ó kù. Kí a sì san án. Àwọn onílé kan wà tí wọ́n ń bẹ púlọ́ńbà bí ẹni ń bẹ òrìṣà nígbà tí omi ń ya, ṣùgbọ́n tí “padà wá lọ́la” kì í tán lẹ́nu wọn nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ. Àwọn gan-an ni ó sọ owó òru di ọ̀wọ́n fún ẹlòmíràn, nítorí púlọ́ńbà tí a ti jẹ ní gbèsè nílé kan yóò fi í kún owó ilé kejì.

Oṣù mẹ́rin ni opó Ìbàdàn yẹn fi san gbèsè àwìn náà. Ó ta àwọn aṣọ tí ó pọ́n fún àwọn tí ń rán ìrọ̀rí, ní ìdá kan nínú mẹ́rin owó wọn, ó sì ta ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ kan kí ọmọ náà lè jókòó ṣe ìdánwò. Púlọ́ńbà ọjọ́ náà padà wá ní ọ̀sán, ó sì tún oríkèé náà ṣe dáadáa. Ó wá di ẹni tí ilé náà ń pè. Ọmọ náà ni ó kun fáàfù ìdí òpó ní ọ̀dà pupa.

Nígbà ọyẹ́, rọ́bà tí ó gbé omi lọ sí àga ìyàgbẹ́ òkè já ní agogo mẹ́ta òru. Ọmọ náà sáré jáde ní òun nìkan, ó ti omi, ó fi ìgbálẹ̀ gbá èyí tí ó ti dà sílẹ̀, ó sì padà sùn. Ilẹ̀ ti mọ́ kedere nígbà tí púlọ́ńbà náà dé.

“Màmá, ẹ kú àárọ̀ mà. Òru ni wọ́n ní rọ́bà yìí já, ẹ ò wá pè mí?”

“Ọmọ mi, kí ni n bá pè ọ́ wá ṣe?” ni ìyá náà dáhùn. “Omi ti sùn, àwa náà sì sùn. Èló ni iṣẹ́ yìí?”

Púlọ́ńbà rẹ́rìn-ín. Ó dá iye kan, ìyá náà já a sí ìdajì, wọ́n jọ fà á títí wọ́n fi pàdé láàárín, lẹ́yìn èyí ni ó tó ṣí àpò irinṣẹ́ rẹ̀, tí ó sì ní kí wọ́n fún òun ní àkísà gbígbẹ kan.